Ìka Méjì Lábẹ́ Awọ

Dúródèmí ni Bàbá sọ ọ́,
ajá tí kò dúró de ẹnikẹ́ni rí.
Kílò márùndínlọ́gọ́ta,
orí bí odó tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀.
Àárọ̀ Ọjọ́rú ló rí ológbò kan lẹ́yìn ọgbà Réluwéè ní Èbúté Mẹ́ta,
ló bá wọ́ Bàbá bí ẹní wọ́ àpò gààrí
kọjá gọ́tà, kọjá tábìlì ẹni tó ń ta búrẹ́dì.
Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló kán.
Inú símẹ́ńtì funfun lapá náà wà báyìí.
Bàbá ń fi òsì mu tíì,
ó ní ẹjọ́ okùn ni, kì í ṣe ẹjọ́ ajá:
okùn ìsáṣọ, ráìlọ́nù aláwọ̀ ewé,
tó bó awọ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ kó tó bọ́ lọ.

"Lọ ra ṣéènì."
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi so wágọ̀nù mọ́ wágọ̀nù.
Ohun tí kò bá ti dún bí a bá fà á,
Bàbá kì í gbà á gbọ́.

Ràímì tó pàtẹ sí Ojúẹlẹ́gba mú ṣéènì jáde,
ó wúwo bí ìdákọ̀ró.
Ó tún mú òmíràn, irin eléyín,
eyín tó kọjú sí ọ̀fun.
"Àǹtí, bó bá fa èyí lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kejì."
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ eyín náà wò.
Mo rántí tíṣà ìṣirò wa,
tó ń fi etí rúlà gbá wa lójú ìka.
Kíláàsì ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.
Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ìṣirò dòní.

Wọ́n á ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Ó dáa.
Ta ló ti yẹ fèrè ọ̀hún wò?

Múníráà ń rán báàgì awọ ní Múṣin.
Kò bi mí ní iye tí mo mú wá.
Ó ní, "Báwo lọrùn ẹ̀ ṣe tó?"
Mo fi ọwọ́ méjèèjì ká afẹ́fẹ́ mọ́.
Ó bú sẹ́rìn-ín: "Itan èèyàn nìyẹn!"
Ó fún mi ní téèpù, ó lé mi padà sílé.

Ínṣì mẹ́rìnlélógún,
kó tó gé téèpù náà jẹ láti ogójì lọ.

Awọ màlúù onílọ̀ọ́po méjì ló rán,
ó fẹ̀, kí agbára lè tàn ká ọrùn,
kó má rọ́ jọ sójú kan bíi ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́.
Òrùka irin kan, wẹ́dà ló jó o pọ̀,
wọn ò kàn tẹ̀ ẹ́ kò.
Okùn ìfọwọ́mú, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà.
Ó ní kí n má ra èyí tó ń ká wọ inú ike:
ó ń kọ́ ajá pé béèyàn bá ti fà, ayé á gùn sí i.
"Bó o bá dè é, ki ìka méjì bọ abẹ́ ẹ̀.
Bí mẹ́ta bá wọlé, ajá á bọ́.
Bó bá jẹ́ ọ̀kan, o ti di ọ̀tá ẹ̀."

Láago márùn-ún ààbọ̀ la máa ń jáde.
Bó bá fà, mo di òpó iná.
Bí okùn bá dẹ̀, a gbẹ́sẹ̀.
Láti géètì dé ìdí máńgòrò, ogójì ìṣẹ́jú.
Ẹnì kan kọjá: "Àǹtí, ṣé ajá ló ń mú yín rìn ni?"
N ò dáhùn.
Pọ̀nmọ́ wà nínú àpò mi, mo gé e wẹ́wẹ́:
awọ màlúù lọ́rùn, awọ màlúù lẹ́nu.

Bàbá ń wò wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.
"Kò dún," ló ń wí. "Kò tiẹ̀ dún rárá."

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀.
Ó ki ìka òsì méjì bọ abẹ́ awọ náà,
bó ti máa ń yẹ ìdè ọkọ̀ wò kí fèrè tó dún.
Ó gba okùn lọ́wọ́ mi.
"Dúródèmí."
Ajá náà fìdí lé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì.

Ológbò kan wà lórí fẹ́ǹsì.
Mo rí i.
Ajá rí i.
Okùn náà mì díẹ̀.